Bọ́ọ̀lù irin tí ò ní bátìrì, àti mítà méjì tí ò pé tí ayé fi ń wọ́ ọ lọ́dọọdún

Bọ́ọ̀lù irin kan wà lókè tó ti ń yí ayé po láti oṣù karùn-ún ọdún 1976. LAGEOS lorúkọ ẹ̀, NASA ló gbé e lọ sókè, kò ní bátìrì, kò ní kámẹ́rà, kò ní áńtẹ́nà, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Idẹ ló wà nínú, alumíníọ̀mù ló bò ó, ó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ó wúwo ju 400 kílò lọ, wọ́n wá to dígí kéékèèké 426 sí gbogbo ara ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní torí kò sí nǹkankan nínú ẹ̀ tó lè bàjẹ́. Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yẹn gan-an, mi ò purọ́, torí òun àti àwọn àbúrò ẹ̀ ni wọ́n fi wọn nǹkan kan tí tíọ́rì Einstein sọ pé ó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ohun tó bá ń yí ayé po, tí ẹ̀rọ olówó gọbọi kan tí wọ́n fi bí ogójì ọdún múra ẹ̀ ò sì rí wọ̀n dáadáa tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Nǹkan tí mò ń sọ nìyí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ayé ń fa nǹkan mọ́ra. Newton ò bìkítà bóyá ayé ń yí lórí ara ẹ̀ tàbí ó dúró gbọin, lójú tiẹ̀, bí ayé bá ti wúwo tó báyìí, tó sì rí báyìí, bó ṣe máa fa nǹkan nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Einstein ló wá dé lọ́dún 1915 tó ní rárá o, nǹkan tó wúwo ń tẹ àyè àti àkókò tó yí i ká ni. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, 1918, Josef Lense àti Hans Thirring ní Vienna jókòó, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé tí nǹkan tó wúwo yẹn bá tún wá ń yí lórí ara ẹ̀ ńkọ́? Ohun tó jáde ni pé ó máa wọ́ àyè tó yí i ká tẹ̀lé ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wà lókè réré, lókè agbedeméjì ayé, ẹ wá fi òkúta kan sílẹ̀ kó máa bọ̀, ẹ ò tì í sọ́tùn-ún, ẹ ò tì í sósì. Kò ní bọ̀ tààrà. Á máa yà díẹ̀díẹ̀ sí ìhà tí ayé ń yí sí, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tó bá wá jẹ́ pé ńṣe ni òkúta náà ń yí ayé po, gbogbo òrùka ọ̀nà tó ń gbà ló máa yí tẹ̀lé ayé, díẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Frame-dragging lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù, èmi á kàn máa pè é ní wíwọ́.

Lense àti Thirring fúnra wọn mọ̀ pé ó kéré. Ẹ rántí Mercury, plánẹ́ẹ̀tì tó súnmọ́ oòrùn jù, ọ̀nà ẹ̀ ń yí ju bí Newton ṣe sọ lọ, nǹkan yẹn sì wà lára ohun tó sọ Einstein di gbajúmọ̀. Èyí tó jẹ́ ti yíyí tí oòrùn ń yí nínú ẹ̀, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kò sẹ́ni tó lè rí i nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò sì rí i fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ẹ̀.

LAGEOS wà ní nǹkan bíi 5,900 kìlómítà lókè orí wa, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45 ló fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ibi tí ọ̀nà ẹ̀ ti ń ré agbedeméjì ayé kọjá nígbà tó bá ń ti gúúsù bọ̀ wá sí àríwá, ẹ jẹ́ ká máa pe ibẹ̀ ní oríta. Tí ìṣirò yẹn bá tọ̀nà, yíyí ayé á máa ti oríta yìí ní nǹkan bíi 31 mas lọ́dún kan. Kí ni mas? Ẹ mú dígírì kan, ẹ gé e sí ọ̀nà 3,600, ẹ mú ẹyọ kan nínú ẹ̀, ẹ tún gé ìyẹn sí 1,000, ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni mas kan. Ní ibi gíga tí bọ́ọ̀lù yẹn wà, 31 mas jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.8. Láàárín ọdún kan náà, bọ́ọ̀lù ọ̀hún á ti rin nǹkan bíi mílíọ̀nù 180 kìlómítà, mo ṣírò ẹ̀ fúnra mi, mo tún un ṣírò torí mi ò gba ojú mi gbọ́. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, gíga èèyàn kan ṣoṣo lẹ̀ ń wá.

Wíwọn mítà 1.8 gan-an kọ́ ló wá le o. Àwọn ibùdó lésà wà káàkiri ayé, ọ̀kan wà ní Matera ní Ítálì, ọ̀kan wà ní Herstmonceux ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan wà ní Yarragadee ní Ọsirélíà, Áfíríkà náà ní tiẹ̀ ní Hartebeesthoek ní South Africa, iṣẹ́ wọn ò sì ju pé kí wọ́n yin iná lésà fẹ́ẹ́ sókè sí bọ́ọ̀lù yẹn, kí wọ́n dúró dè é kó padà. Ojú mẹ́ta ni dígí kọ̀ọ̀kan ní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní igun kan, ibi yòówù kí iná ti wá bá a, ibẹ̀ náà ló máa dá a padà sí. Aago tó péye gan-an ló ń ka àkókò lílọ àti bíbọ̀. Iná ń rin mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ṣe ìlọ́po, ẹ pín in sí méjì, ẹ ti mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà tó, tí ibùdó bá sì dáa, àṣìṣe ẹ̀ ò ní ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹni tó lè rí sẹ̀ǹtímítà kan láti ibi tó jìnnà tó báyẹn, kí ni mítà 1.8 fẹ́ fi ṣe é?

Ayé fúnra ẹ̀ ni wàhálà. Ayé ò rí róbótó bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, ó yọ ikùn. Láti àárín gbùngbùn ẹ̀ dé agbedeméjì fi nǹkan bíi kìlómítà 21 gùn ju láti àárín gbùngbùn dé òkè tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Ikùn yìí máa ń fa òrùka ọ̀nà sátẹ́láìtì, kò kan Einstein rárá, Newton náà á sọ fún yín. Fún LAGEOS, ikùn ayé ń ti oríta yẹn ní nǹkan bíi dígírì 126 lọ́dún. Ẹ sọ ọ́ di ìwọ̀n ilẹ̀: kìlómítà 27,000! Ikùn ń tì í ní kìlómítà 27,000, wíwọ́ ń tì í ní mítà 1.8, ìhà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń tì í sí, ó di pé kẹ́ ẹ yọ kìlómítà 27,000 kúrò dáadáa débi pé mítà 1.8 á ṣẹ́kù, á sì ṣẹ́kù lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní sọ pé àṣìṣe yín lẹ̀ ń pè ní Einstein. Ikùn ọ̀hún ò tún dúró sójú kan. Yìnyín ń yọ́, omi òkun ń wọlé ń jáde pẹ̀lú òṣùpá, àwọn ilẹ̀ kan ṣì ń dìde díẹ̀díẹ̀ títí dòní torí pé yìnyín àtijọ́ tó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ti lọ, gbogbo ẹ̀ ló ń yí ikùn padà.

Lọ́dún 1986 ni Ignazio Ciufolini, ọmọ Ítálì, gbé àbá kan jáde tó jẹ́ pé nígbà tí mo kà á, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi nínú ni. Bí ọ̀nà sátẹ́láìtì bá ṣe dagun sí agbedeméjì ayé ló ń pinnu ìhà tí ikùn máa ti oríta sí. Tó bá dagun ní dígírì 110, ikùn á tì í sí ìlà-oòrùn, tó bá dagun ní 70, ikùn á tì í sí ìwọ̀-oòrùn, iye kan náà gẹ́lẹ́. Wíwọ́ ò mọ ìyẹn ní tiẹ̀, ìhà tí ayé ń yí sí nìkan ló mọ̀, ìlà-oòrùn ló ń wọ́ gbogbo wọn lọ bó ti wù kí wọ́n dagun. Ṣé ẹ ti rí ibi tó ń lọ? LAGEOS tó ti wà lókè dagun ní 109.84, ẹ bá wa gbé ìkejì ẹ̀ síbi gíga kan náà ní 70.16, kí méjèèjì jẹ́ 180 tẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀, ẹ wá ro ìrìn oríta méjèèjì pọ̀, ikùn á pa ikùn rẹ́, wíwọ́ nìkan ló máa ṣẹ́kù, ó tún máa di ìlọ́po méjì. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ mọ ikùn ayé mọ́. (Van Patten àti Everitt ti dá irú ẹ̀ lábàá lọ́dún 1976, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tuntun méjì ni tiwọn fẹ́, tí wọ́n á máa gba òkè àti ìsàlẹ̀ ayé kọjá, tí ọ̀kan á máa dojú kọ èkejì. Ti Ciufolini rọrùn jù, ìdajì ẹ̀ ti wà lókè tẹ́lẹ̀.)

Ṣé wọ́n gbé e síbẹ̀? Rárá kẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1992 ni LAGEOS 2 gòkè, Ítálì ló ṣe é, Columbia, ọkọ̀ NASA tó máa ń gbé èèyàn lọ sí gbangba òfurufú, ló gbé e, wọ́n wá fi dagun ní 52.6 torí àwọn tó ń wọn bí ilẹ̀ ayé ṣe ń sún ni wọ́n ń ṣe é fún, iṣẹ́ tí LAGEOS àkọ́kọ́ náà gbà lọ sókè gan-an nìyẹn. Mi ò bá wọn jà, àwọn tó ń sọ nípa ìsẹ̀lẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bákan fún Ciufolini.

Òun ò jókòó lásán ṣá. Ó ní kò burú, 109.84 àti 52.6 ò pa ikùn rẹ́ fúnra wọn, àmọ́ tí èèyàn bá fi iye kan ṣe ìlọ́po ọ̀kan kó tó rò ó mọ́ ìkejì, ikùn ńlá yẹn á kúrò. Ohun tó máa wá kù ni àwọn wíwú kéékèèké, torí yàtọ̀ sí ikùn, ayé tún wú níbí ó tún tẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ibòmíràn. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998 fún un ní 110 pasẹ́ǹtì ohun tí Einstein sọ, pẹ̀lú àṣìṣe 20 pasẹ́ǹtì. Kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Lọ́dún 2002 wá ni Amẹ́ríkà àti Jámánì gbé GRACE lọ, sátẹ́láìtì méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn ní nǹkan bíi kìlómítà 220 síra, tí ọ̀kan bá dé ibi tí ayé ti ń fa nǹkan jù, á sáré díẹ̀ ju èkejì lọ, àlàfo wọn á yí padà, báyẹn ni wọ́n ṣe ya àwòrán òòfà ilẹ̀ ayé lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò rí i rí. Pẹ̀lú àwòrán yẹn, Ciufolini àti Erricos Pavlis tún ìṣirò ṣe, ọdún 2004 ni wọ́n gbé e jáde: 99 pasẹ́ǹtì, àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ 10 pasẹ́ǹtì.

Ibí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ítálì míì, Lorenzo Iorio, gbé kálámù, ó kọ ìwé títí, ó ní àṣìṣe tí wọ́n kéde yẹn kéré jù, pé àwọn wíwú kéékèèké yẹn ò dájú tó bí wọ́n ṣe rò, pé tí èèyàn bá ṣírò ẹ̀ bó ṣe yẹ, á ju 10 pasẹ́ǹtì lọ dáadáa. Wọ́n dá a lóhùn, ó tún dá wọn lóhùn, ó pẹ́ gan-an. Àwọn kan máa ń ka irú èyí sí pé èèyàn ń di èèyàn lọ́wọ́, èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Iye tó wà níwájú ò ṣòro, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó yẹ kó súnmọ́ 100, ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn kó tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan máa bi í pé báwo lo ṣe débẹ̀. Iye tó wà lẹ́yìn, ìyẹn àṣìṣe, òun ni iṣẹ́ gidi, Iorio sì lẹ́tọ̀ọ́ láti di ibẹ̀ mú.

Ìdáhùn tó dáa jù sí àríyànjiyàn ni bọ́ọ̀lù míì. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2012, rọ́kẹ́ẹ̀tì Vega gbéra fúngbà àkọ́kọ́ ní Kourou ní French Guiana, LARES ló gbé sórí. Bọ́ọ̀lù yìí kéré, kò ju 36 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n tungsten ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wúwo tó nǹkan bíi 387 kílò, dígí 92 ló wà lára ẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ kó kéré kó sì wúwo báyẹn? Torí oòrùn ni. Oòrùn máa ń gbóná sí ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa tú ooru jáde, ooru tó ń jáde á máa ti bọ́ọ̀lù náà díẹ̀ báyìí. Ẹ má fojú di í o, LAGEOS àkọ́kọ́ ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà kan lójoojúmọ́, ó sì ṣe àwọn onímọ̀ ní kàyéfì gan-an kí wọ́n tó rí i pé ooru wà lára ohun tó fà á. Nǹkan kékeré tó wúwo, ooru ò ní ibi tó pọ̀ tó máa ti dì í mú. Pẹ̀lú oríta mẹ́ta báyìí, wọ́n lè pa ikùn rẹ́, kí wọ́n tún pa wíwú tó tẹ̀lé e rẹ́. Èsì ti ọdún 2016 jẹ́ 0.994, wọ́n ní àṣìṣe ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 5 pasẹ́ǹtì.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2022, LARES 2 gòkè. Ní 70.16! Ní nǹkan bíi ibi gíga kan náà pẹ̀lú LAGEOS! Ọdún 36 lẹ́yìn àbá yẹn, ẹni tó dá a lábàá ló tún wà nídìí iṣẹ́ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, Vega C, ló gbé e, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fò rí, nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sì máa fò lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kejìlá ọdún náà, kò dé ibi tó ń lọ, ẹrù tó gbé ṣòfò. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí LARES 2 dúró de ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Mi ò tiẹ̀ fẹ́ ronú ẹ̀.

Ó yá, ẹ̀rọ olówó gọbọi. Gravity Probe B. Òun ò wo oríta, òkòtó ló gbé sínú. Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí mọ̀ pé tó bá ń pòòyì dáadáa, ibi tó kọjú sí náà ló máa kọjú sí. Èrò wọn ni pé kí wọ́n kọjú òkòtó sí ìràwọ̀ kan, IM Pegasi ni wọ́n mú, kí wọ́n jẹ́ kó máa pòòyì níbi tí nǹkankan ò ti ní kàn án, kó bá di ọdún kan kí wọ́n wò ó bóyá ìràwọ̀ yẹn náà ló ṣì kọjú sí. Leonard Schiff ní Stanford àti George Pugh, kálukú ló ronú kan irú nǹkan yìí ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, NASA sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí i lọ́dún 1964. Francis Everitt ti dé Stanford lọ́dún 1962 láti ṣe é, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí èsì tó jáde.

Òkòtó mẹ́rin ni. Quartz ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọn ò fẹ̀ ju 3.8 sẹ̀ǹtímítà lọ, wọ́n dán wọn débi pé ibi tó ga jù àti ibi tó tẹ̀ jù lára wọn ò ju nǹkan bíi ìpele átọ́ọ̀mù 40 lọ. Wọ́n fi niobium bò wọ́n, wọ́n wá rì gbogbo ẹ̀ sínú hílíọ̀mù tó tutù dé nǹkan bíi dígírì 271 nísàlẹ̀ òdo. Oṣù kẹrin ọdún 2004 ló gòkè, iye tí wọ́n ná sórí gbogbo ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 750 dọ́là. Wọ́n retí pé wíwọ́ á yí òkòtó ní 39 mas lọ́dún, àwọn sì fẹ́ wọ̀n ọ́n débi pé àṣìṣe ò ní ju pasẹ́ǹtì kan lọ. Ohun tí wọ́n rí lọ́dún 2011 ni 37, ó lè fi 7 lé, ó lè fi 7 dín. Pasẹ́ǹtì 19! Kí ló ṣẹlẹ̀? Iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara òkòtó àti mọ́ ara ilé tó wà, níbi kan ó pọ̀, níbi kan ó kéré, ìyẹn ló ń fa òkòtó síbí sọ́hùn-ún, ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi ìṣirò yọ ọ́ kúrò. NASA tiẹ̀ dáwọ́ owó dúró lọ́dún 2008, ọmọ William Fairbank, ọ̀kan lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, àti ilé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Saudi Arabia ló gbé owó tí wọ́n fi parí ẹ̀ kalẹ̀.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun míì tí wọ́n wọ̀n níbẹ̀, ìyẹn bí àyè tí ayé tẹ̀ ṣe ń yí òkòtó, 6,606 mas ni wọ́n retí, 6,602 ni wọ́n rí, ìyẹn dáa gan-an. Òkòtó àti oríta ò sì jẹ́ nǹkan kan náà, ó dáa ká rí wíwọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, màá mú bọ́ọ̀lù. Ohun tó da òkòtó láàmú wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀, nígbà tí hílíọ̀mù sì tán, ó parí nìyẹn. Ohun tó ń da bọ́ọ̀lù láàmú wà nínú ayé, bí àwọn èèyàn bá ṣe ń mọ ayé sí i, data tí wọ́n ti kó láti 1976 ń dáa sí i fúnra ẹ̀, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún gbé nǹkankan lọ sókè.

Wíwọ́ tó pọ̀ ju ti ayé lọ wà níta. Ìràwọ̀ méjì kan wà tí wọ́n ń pè ní PSR J1141-6545, ọ̀kan jẹ́ pulsar, ìyẹn ohun kékeré tó wúwo gan-an tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ ńlá bú gbàmù, ọ̀kan jẹ́ white dwarf, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí ìràwọ̀ bíi oòrùn wa bá jó tán, wọn ò lo tó wákàtí márùn-ún tí wọ́n fi ń yí ara wọn po. Pulsar yẹn ń tan ìtànṣán rédíò bíi aago, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo 0.394 ìṣẹ́jú àáyá, tẹlisíkóòpù Parkes ní Ọsirélíà sì ti ń ka ìgbà tí wọ́n ń dé fún nǹkan bí ogún ọdún. Lọ́dún 2020, Vivek Venkatraman Krishnan àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà ń dagun sí i díẹ̀díẹ̀, torí white dwarf yẹn ń yí kíákíá, kò lo tó 200 ìṣẹ́jú àáyá láti fi yí lórí ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìràwọ̀ kejì ló da ẹrù ara ẹ̀ lé e lórí kó tó bú gbàmù tó di pulsar, ẹrù yẹn ló mú kó máa yí báyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ní láti yà sọ́tọ̀ o: nǹkan tó bá ń yí kíákíá tó báyẹn gbọ́dọ̀ yọ ikùn. Ikùn náà ni! Apá kan ti ikùn, apá kan ti wíwọ́, àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí.

Ibi tí ojú èmi wà báyìí ni àárín gbùngbùn Milky Way wa, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú ẹ̀, níbi tí ihò dúdú (black hole) tó wúwo tó mílíọ̀nù mẹ́rin oòrùn ó lé wà. Ìràwọ̀ kan wà tó ń yí i po, S2, ọdún 16 ló fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún 2018 tó súnmọ́ ọn jù, ó ń sáré ju 7,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ GRAVITY ní Paranal ní Chile, tó ń da ìmọ́lẹ̀ tẹlisíkóòpù ńlá mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan, ti rí i lọ́dún 2020 pé ọ̀nà ẹ̀ ń yí bíi ti Mercury, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ti bí ihò náà ṣe wúwo tó, kì í ṣe ti bó ṣe ń yí. Wíwọ́ níbẹ̀ máa ń dín kù kíákíá bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí i tó, àwọn ìràwọ̀ míì tó wà láyìíká náà sì ń fa S2 síbí sọ́hùn-ún. S2 ò súnmọ́ ọn tó. Ìràwọ̀ tó súnmọ́ ihò náà jù ú lọ, tó sì mọ́lẹ̀ tó kí tẹlisíkóòpù rí i, ni wọ́n nílò.